Ibùdókọ̀ Ojú Irin Peckham Rye: Ìtọ́sọ́nà fún Ọmọ Èkìtì tí ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé Lọ́ńdọ̀nù

Ojú irin kò kan ilẹ̀ Èkìtì rárá, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tí ń gba físà ẹ̀kọ́ tàbí ti iṣẹ́ ni kò wọ ọkọ̀ ojú irin rí títí wọ́n fi gúnlẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù. Bí a bá dé gáréèjì ní Adó, ẹnìkan yóò béèrè ibi tí à ń lọ, wọn yóò gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ wa, ọkọ̀ kò sì ní gbéra títí yóò fi kún. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọkọ̀ a máa lọ lófo bí àsìkò rẹ̀ bá tó, ẹ̀rọ ni ẹ ó sì bá ṣírò owó. Ibẹ̀ ni ìnáwó àìròtẹ́lẹ̀ ti ń bá àlejò.

Peckham Rye ni mo mú ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ ní agbègbè náà, ẹni tí ó bá sì ń wá iṣu tí yóò gún níyán kò ní pẹ́ mọ Rye Lane, òpópónà tí ibùdókọ̀ náà wà.

Ọdún 1865 ni ilé iṣẹ́ London, Chatham and Dover Railway ṣí i. Nígbà tí ó di 1866, ilé iṣẹ́ mìíràn tí ó ń bá a díje, London, Brighton and South Coast Railway, ṣí pèpéle tirẹ̀, ibi tí èrò ti ń wọ ọkọ̀, sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Charles Henry Driver ni ó ya àwòrán ilé náà, ó sì gbé e sáàárín afárá ojú irin méjèèjì. Ìdíje àtijọ́ yìí ṣì ń da àlejò láàmú: pèpéle mẹ́rin ni ó wà, méjì fún ìhà kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó bá sì gun àtẹ̀gùn ìhà tí kì í ṣe tirẹ̀ yóò ní láti sọ̀ kalẹ̀ padà kí ó tó gun èkejì. Ẹ wo pátákó oníná tó wà nísàlẹ̀ kí ẹ tó gbé ẹrù gòkè, nítorí pé àtẹ̀gùn náà kò ṣeé fi àpótí méjì ṣeré.

Ní ìhà kan, ẹ ó rí Overground, ọkọ̀ ojú irin orí ilẹ̀ ti Lọ́ńdọ̀nù, tí ń lọ sí Clapham Junction, tí ó sì ń lọ sí Dalston ní òdìkejì. Oṣù Kejìlá ọdún 2012 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró níbẹ̀, láti ọdún 2024 ni wọ́n sì ti ń pe ọ̀nà náà ní Windrush. Ọkọ̀ ilé iṣẹ́ Southern tí ń lọ sí London Bridge náà wà níbẹ̀. Ìhà kejì ni ti ọkọ̀ ilé iṣẹ́ Thameslink, tí ń gba Blackfriars kọjá, àti Southeastern tí ń lọ sí Victoria tàbí Dartford. Ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ kò dé Peckham, nítorí náà ẹ má wulẹ̀ wá a.

Ní ọdún 1909, wáyà tí wọ́n ta sókè ni ó kọ́kọ́ ń gbé iná fún ọkọ̀ ìhà ilé iṣẹ́ London, Brighton and South Coast. Lónìí, irin kẹta tí ó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ni iná ń gbà. Bí fóònù yín bá já bọ́ sójú irin, ẹ pe òṣìṣẹ́. Ẹ kò gbọdọ̀ fò sílẹ̀ láti mú un, nítorí pé iná irin yẹn lè pa ènìyàn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Ẹ ó fi káàdì Oyster (káàdì ìrìnàjò tí a ń kó owó sí), káàdì báńkì tàbí fóònù kan ẹ̀rọ nígbà tí ẹ bá ń wọlé, ẹ ó sì tún fi kàn án nígbà tí ẹ bá ń jáde, ìbáà jẹ́ pé géètì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bí ẹ bá gbàgbé ti ìjáde, ẹ̀rọ kò mọ ibi tí ẹ bọ́ sí, owó tí ó ga jù ni yóò sì yọ. Ohun tí ẹ fi wọlé náà ni kí ẹ fi jáde: káàdì báńkì tí ẹ mú lọ́wọ́ àti èyí tí ẹ kó sínú fóònù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ àpò owó kan náà, méjì ni wọ́n lójú ẹ̀rọ. Ti bọ́ọ̀sì yàtọ̀. Ìgbà tí ẹ bá ń wọlé nìkan ni ẹ ó kàn án, wọn kò sì gba owó lọ́wọ́ mọ́ láti ọdún 2014.

Láàárín agogo 6:30 sí 9:30 òwúrọ̀, àti agogo 4 sí 7 ìrọ̀lẹ́, láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Ẹtì, owó ọkọ̀ a máa ga sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ra Railcard, káàdì ẹ̀dínwó ọkọ̀ ojú irin, lè ní kí òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ so ó mọ́ Oyster òun, kí wọ́n lè máa yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò nínú owó rẹ̀ láwọn àsìkò mìíràn. Ẹni tí wọ́n bá bá nínú ọkọ̀ láìsanwó yóò san £100 pẹ̀lú owó ọkọ̀ náà, tàbí £50 bí ó bá tètè san láàárín ọjọ́ 21. Bí ó bá di ẹjọ́, tí ilé ẹjọ́ sì dá a lẹ́bi, wọn yóò béèrè rẹ̀ nígbà tí ó bá fẹ́ tún físà ṣe.

Àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin náà a máa san owó padà. Bí ọkọ̀ Southern, Thameslink tàbí Southeastern bá mú yín pẹ́ tó ìṣẹ́jú 15, ẹ lè béèrè díẹ̀ nínú owó yín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láàárín ọjọ́ 28. Ti Overground di ìṣẹ́jú 30. Ẹ tọ́jú ẹ̀rí ìrìnàjò náà, nítorí pé òun ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè.