Bí a ṣe ń fa ilà pápá bọ́ọ̀lù kó má wọ́

Púpọ̀ nínú pápá iléèwé tí ilà rẹ̀ wọ́ ní Iléṣà, ẹ má bá ọ̀dà wí. Igun ni wọn ò wọ̀n. Ká tó ṣí ike ọ̀dà, ó yẹ kí èèkàn ti dúró síbi tó yẹ.

Tépù oní-mítà 50, èèkàn irin, òòlù, okùn àti ọ̀dà funfun olómi tí wọ́n fi ń kun ògiri ni ẹ máa lò. Ẹ ó rí gbogbo wọn rà ní ọjà Atákúnmọ́sà. Okùn náílọ́ọ̀nù máa ń nà bí a bá fà á, nítorí náà tépù ni kí ẹ fi wọn gbogbo nǹkan. Títọ́ ilà kó gún ni iṣẹ́ okùn.

Òfin gba gígùn mítà 90 sí 120, ìbú 45 sí 90. Bí ilẹ̀ bá gbà, ẹ lo 100 sí 64. Iléṣà kì í ṣe ìlú tó tẹ́jú: níbi tí ilẹ̀ bá ti dà, ẹ di tépù mú kó dúró gbọọrọ, kó má tẹ̀lé ilẹ̀.

Láti igun kìíní, ẹ wọn mítà 12 lójú ilà ẹ̀gbẹ́, mítà 9 lójú ilà góòlù, kí ẹ kan èèkàn sí méjèèjì. Àárín èèkàn méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ 15 géérégé. Bó bá jẹ́ 15.2, igun ti là jù. Ẹ sún ilà góòlù wọlé. Bí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pé, ẹ wọn ìdábùú láti igun sí igun: 118.73 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá gùn ju èkejì, ẹ má tíì fọwọ́ kan ọ̀dà.

Àárín òpó góòlù méjèèjì, láti inú sí inú, jẹ́ 7.32, gíga rẹ̀ 2.44. Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣìṣe jù nìyí: láti ojú inú òpó la ti ń wọn 16.5 ti àpótí ńlá lọ sí ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti àárín góòlù. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n láti àárín ti gé 3.66 kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bó bá pé, 40.32 ni gbogbo rẹ̀. Àpótí kékeré jẹ́ 5.5, gbogbo rẹ̀ 18.32. Ojú pẹnátì wà ní mítà 11 sí ilà góòlù. Okùn 9.15 kan náà ló ń fa òbìrí àárín pápá àti ilà tó tẹ̀ níwájú àpótí ńlá, ṣùgbọ́n ojú pẹnátì ni kí ẹ kan èèkàn ilà tó tẹ̀ yìí sí. Ilà tó tẹ̀ ní igun kọ́nà, okùn mítà 1.

Ẹ gé koríko, kí ẹ dúró kí ìrì gbẹ. Ilà kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 12 lọ, gbogbo rẹ̀ sì súnmọ́ mítà 700, torí náà ẹ má da ọ̀dà nù. Àwọn kan ń lo oògùn apakoríko kó lè pẹ́. Ìwà ọ̀lẹ ni: koríko á kú, òjò á gbẹ́ ojú ilà di kòtò.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín pápá, kí ẹ máa bọ̀ síta. Bí ẹ bá parí, ẹ ka èèkàn kó pé, torí irin tí koríko bò ń gún ọmọ lẹ́sẹ̀.