Bí mo ṣe wá àmì ẹ̀jẹ̀ ríru inú ẹ̀dọ̀fóró nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn SS ní Ṣágámù

Ẹjọ́ kan wà tí àwọn àgbàlagbà tó ń wá sí kíníìkì àwọn SS wa (àwọn tó ní àìsàn sickle cell) ní Ṣágámù máa ń rò lemọ́lemọ́: "Bí mo bá gun àtẹ̀gùn díẹ̀ báyìí, èémí mi kì í tó mọ́." Ẹ̀jẹ̀ tó kéré lára ni àwọn ará ilé máa ń kà á sí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n dókítà tó ń mójú tó kíníìkì náà ń fura sí ẹ̀jẹ̀ ríru inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀rọ tí a ń dè mọ́ apá kì í rí irú èyí. Ìfúnpá apá lè dára gan-an, kí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti ọkàn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró sì ti há, kí apá ọ̀tún ọkàn wá máa ṣe wàhálà bí ẹni tó ń ti ọmọlanke gun òkè, títí agbára rẹ̀ yóò fi tán.

Dókítà wá bá mi ní lábù. "Ẹ̀gbọ́n, ǹjẹ́ ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí ẹ lè bá wa wọ̀n, tí a ó fi mọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ lọ ṣe ẹ́kò ọkàn, àyẹ̀wò tó ń fi ìró ya àwòrán ọkàn?" Mo ní kí wọ́n fún mi láyè kí n kà á dáadáa. Ìbéèrè tó wúlò ni. Owó ẹ́kò kì í ṣe kékeré fún ẹni tó ń wọ mọ́tò láti Ìṣarà tàbí Ìjẹ̀bú-Igbó wá, a kò sì lè ní kí gbogbo ènìyàn lọ ṣe é lọ́jọ́ kan náà.

Kí n tó wá orúkọ àmì kankan, àyẹ̀wò tó fìdí àìsàn yìí múlẹ̀ ni mo kọ́kọ́ kà nípa rẹ̀. Ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n máa ń ti gba inú iṣan àti apá ọ̀tún ọkàn kọjá, títí dé inú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, tí wọ́n á fi wọn ìfúnpá níbẹ̀ gan-an. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ìpíndọ́gba ìfúnpá náà bá tó 25 mmHg ni wọ́n ń pè é ní àìsàn. Ní 2018, ìpàdé àgbáyé tí àwọn onímọ̀ ṣe ní Nice, ní ilẹ̀ Faransé, dábàá pé kí ó jẹ́ ohunkóhun tó bá ju 20 lọ, ìlànà àwọn dókítà ilẹ̀ Yúróòpù sì tẹ̀ lé e ní 2022. Ìwádìí tó bá ti pẹ́, ìlà 25 ló fi pín àwọn ènìyàn. Ó yẹ kí ẹni tó ń kà á fi sọ́kàn.

Ohun tó wá jọ mí lójú jù lọ wà nínú ìwádìí lórí àwọn SS fúnra wọn. Ní 2004, àwọn ará Amẹ́ríkà fi ẹ́kò wo àwọn àgbàlagbà tó ní SS, wọ́n sì rí àmì ìfúnpá gíga lára nǹkan bí 32 nínú 100. Ní 2011, àwọn ará Faransé tún un wò. Nǹkan bí 27 nínú 100 ni ẹ́kò fura sí, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ọ̀pá rọ́bà yẹn wọ̀n ọ́n, nǹkan bí 6 péré ló ní i. Ẹ wo bí àlàfo náà ti fẹ̀ tó! Láti ìgbà náà, bí mo bá ti rí ìwé kan tó ní àmì kan dára, ohun tí mo kọ́kọ́ ń wá nínú rẹ̀ ni: kí ni wọ́n fi mọ̀ pé ẹni náà ní àìsàn, ẹ́kò ni tàbí ọ̀pá?

PubMed, àkójọ ìwé ìwádìí ìṣègùn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni mo ti wá a. Mo fi orúkọ àìsàn náà, orúkọ àmì, àti SS pọ̀ mọ́ra, mo sì ń kọ ohun tí mo rí sínú ìwé ìkọ̀wé: kí ló ń mú àmì náà ga, kí ni wọ́n fi dán an wò, ṣé lábù tiwa lè ṣe é.

Uric acid, ìdọ̀tí ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín ń kó jáde, kò wọ́n, a sì ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kíndìnrín tó ń ṣàìsàn àti oògùn tó ń mú ni tọ̀ máa ń gbé e sókè. Endothelin-1 dùn ún kà nípa rẹ̀, torí òun gan-an wà lára ohun tó ń fún iṣan pọ̀, oògùn bosentan sì wà láti dí i lọ́wọ́. Àmọ́ ara ògiri iṣan ló ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, díẹ̀ ló ń ṣàn jáde sínú ẹ̀jẹ̀. LDH, èròjà inú sẹ́ẹ̀lì tó máa ń dà sínú ẹ̀jẹ̀ bí sẹ́ẹ̀lì bá fọ́, mú mi dúró pẹ́. Lára SS, sẹ́ẹ̀lì pupa ń fọ́ lójoojúmọ́, haemoglobin, èròjà pupa inú wọn, tó bá dà jáde a sì máa gbé nitric oxide, tó ń mú kí iṣan rọ̀, jẹ. Nítorí náà LDH sún mọ́ ọ̀kan lára ohun tó ń fa àìsàn yìí, ṣùgbọ́n ó ti ga lára ọ̀pọ̀ àwọn aláìsàn wa tẹ́lẹ̀, kò lè bá wa yan ẹni tí yóò kọ́kọ́ lọ.

Àwọn tó kù ni BNP àti ìbátan rẹ̀, NT-proBNP. Bí ọkàn bá ń fẹ̀ nítorí ìnira, ó máa ń ṣe púrótéènì kan tó máa ń gé sí méjì, BNP lọ́wọ́ kan, NT-proBNP lọ́wọ́ kejì. Láàárín nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, ìdajì BNP ti pòórá nínú ara. NT-proBNP ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í sì tètè bàjẹ́ nínú ìgò. Níbi tí iná lè lọ nígbàkigbà, ìyẹn nìkan tó láti mú un.

Ìwádìí kan tún wà ní 2006 lára àwọn SS ní Amẹ́ríkà. Nínú àwọn tí NT-proBNP wọn tó 160 pg/mL, nǹkan bí 78 nínú 100 ni ẹ́kò rí ìfúnpá gíga lára wọn, ikú sì súnmọ́ àwọn tí tiwọn ga ju àwọn yòókù lọ. Mo sọ fún dókítà pé ẹ́kò ni wọ́n fi dán an wò o, àti pé àwọn kan wà tí tiwọn kò tó 160 tí ẹ́kò wọn sì burú. Mo tún kìlọ̀ nípa 300 àti 1,100 tí ènìyàn yóò rí nínú ìlànà 2022. Ẹni tí a ti mọ̀ pé ó ní irú àìsàn yìí tó bẹ̀rẹ̀ láti inú iṣan fúnra rẹ̀ ni wọ́n kọ wọ́n fún, láti mọ bí ewu rẹ̀ ṣe tó. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n wá ẹni tuntun.

Iṣẹ́ ọwọ́ kò le púpọ̀. Ọjọ́ tí ara bá dá ni a ń fa ẹ̀jẹ̀, a kì í fà á nígbà tí egungun bá ń ro aláìsàn. Inú ìgò olómorí elésè àlùkò tó ní EDTA, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ni a ń fà á sí, a ó yí i nínú ẹ̀rọ kí omi ẹ̀jẹ̀ lè ya sọ́tọ̀, a ó sì gbé omi náà sí fírísà. ELISA oníhò 96, àwo àyẹ̀wò tí àwọ̀ rẹ̀ ń sọ bí púrótéènì ṣe pọ̀ tó, ni a lò, ìgbà méjì ni a sì wọn omi ẹ̀jẹ̀ ẹnìkọ̀ọ̀kan. Jẹnẹrétọ̀ ni a tan kalẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ títí tí a fi ka èsì, a kò dúró de iná ìjọba. Mo fi dandan lé e pé kí a wọn creatinine olúkúlùkù, tó ń fi bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, pẹ̀lú rẹ̀, torí kíndìnrín wà lára ohun tó ń kó NT-proBNP kúrò lára, SS sì máa ń ba kíndìnrín jẹ́.

Ohun tí mo tẹnu mọ́ jù ni pé àmì yìí kì í wo ẹ̀dọ̀fóró rárá. Ìnira ọkàn ló ń sọ, kò sì mọ apá òsì yàtọ̀ sí apá ọ̀tún. Màmá kan tó ń yan gàrí ní Ìjẹ̀bú, tí ẹ̀jẹ̀ ríru gidi ti sọ apá òsì ọkàn wọn di aláàárẹ̀, èsì wọn lè ga ju ti gbogbo àwọn SS wa lọ.

Nítorí náà, bí a ṣe ń kọ èsì báyìí ni pé NT-proBNP àti creatinine máa ń wà lórí ìwé kan náà. Ẹni tí tirẹ̀ bá ga tí kíndìnrín rẹ̀ sì dára, òun ni yóò kọ́kọ́ lọ fún ẹ́kò. Ẹni tí tirẹ̀ bá kéré ṣùgbọ́n tí èémí kò tó o, yóò lọ síbẹ̀ náà, a kì í fi èsì lábù dá a padà sílé. A sì ń tọ́jú omi ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan, kí a lè wọ̀n ọ́n pọ̀ mọ́ tuntun lórí kíìtì kan náà nígbà tó bá padà wá, kí dókítà lè rí i bóyá ìnira ọkàn rẹ̀ ń pọ̀ sí i tàbí ó ń dínkù.