Bí A Ṣe Ń Yan Awò-Òkèèrè Olówó Pọ́ọ́kú fún Wíwo Ẹyẹ àti Ìràwọ̀ ní Abẹ́òkúta

Nọ́ńbà méjì ni a máa ń rí lára awò-òkèèrè olójú méjì, bí 8x42 tàbí 10x50, ó sì yẹ kí ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ mọ ìtumọ̀ wọn kí ó tó ná kọ́bọ̀ kan. Èkíní ń sọ iye ìlọ́po tí awò náà fi ń sọ nǹkan di ńlá. Èkejì ń sọ bí dígí iwájú ṣe fẹ̀ tó ní mìlímítà, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Bí a bá fi èkíní pín èkejì, a ó mọ bí ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ẹyinjú wa ṣe fẹ̀ tó: ti 8x42 lé díẹ̀ ní mìlímítà 5, ti 10x50 jẹ́ 5, ṣùgbọ́n ti 10x25 kékeré tó ń wọ àpò kò ju 2.5 lọ. Kékeré yìí kò burú lọ́sàn-án gangan, àmọ́ ní ìdájí tí ẹyẹ ń jẹ̀, àti lóru, ṣe ni yóò ṣú dùdù mọ́ni lójú.

Èmi náà ti kó sí wàhálà yìí rí. Awò tí mo kọ́kọ́ rà, ìlọ́po 100 ni wọ́n kọ sí i lára, dígí rẹ̀ pupa bí osùn, ó sì ní irin kan tí a ń tì láti fi sún nǹkan mọ́ni. Mo gbé e gun Olúmọ láti wo àwòdì kan tó ń rà bàbà lọ sí apá Ìbarà (bóyá èyí tí ẹ̀fúùfù ta nídìí nínú òwe ni), ṣùgbọ́n n kò rí i mú, nítorí bí awò ṣe ń sọ ẹyẹ di ńlá náà ló ń sọ gbígbọ̀n ọwọ́ di ńlá. Òrùlé páànù tó dípẹtà nísàlẹ̀ sì di méjì méjì, títí orí fi ń fọ́ mi. Nítorí náà, ẹ má ṣe kọjá ìlọ́po 10, ẹ yẹra fún èyí tí ìlọ́po rẹ̀ ń yí padà, ẹ sì fi onídígí pupa sílẹ̀ fún ọlọ́jà.

Bí ọ̀kan ṣoṣo ni owó yín ká, 8x42 ni kí ẹ mú. 10x50 dára ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ìràwọ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo, ọ̀pọ̀ nínú wọn súnmọ́ kílò kan. Ní ti ìrísí, irú èyí tó ní èjìká, tí ọmọ Ítálì kan, Ignazio Porro, gba ẹ̀tọ́ àṣẹ prism rẹ̀ (dígí onígun inú awò, tó ń mú kí àwòrán dúró bó ṣe yẹ) ní 1854, sábà máa ń mọ́ kedere ju onígbọọrọ lọ bí owó wọn bá jẹ́ ọgbọọgba, nítorí iṣẹ́ prism onígbọọrọ le ju tirẹ̀ lọ. Ẹni tó ń lo awò ojú kí ó béèrè èyí tí a lè gbé ojú jìnnà sí tó mìlímítà 15, ó kéré tán.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé awò náà jáde síta. Ẹ nà án síwájú, kí ẹ kọjú rẹ̀ sí òfúrufú, kì í ṣe sí oòrùn láéláé, nítorí oòrùn inú awò lè fọ́ni lójú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ó rí òbìrí ìmọ́lẹ̀ kékeré nínú dígí ẹ̀yìn. Bí etí rẹ̀ bá ní igun, prism rẹ̀ kì í ṣe BaK-4, irú dígí tó dára fún prism. Lẹ́yìn náà, ẹ wo òpó tẹlifóònù kan tó jìnnà: bí ó bá di méjì, ẹ dá a padà. Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ tan iná fóònù sínú rẹ̀; ohun tó bá rí bí òwú aláǹtakùn nínú dígí, èbu ni.

Láti mú awò náà bá ojú yín mu, ẹ bo dígí iwájú apá ọ̀tún, kí ẹ fi ojú òsì wo nǹkan kan, kí ẹ sì yí kẹ̀kẹ́ àárín títí yóò fi mọ́; ẹ wá bo ti òsì, kí ẹ yí òrùka ojú ọ̀tún nìkan. Láti ìgbà náà, kẹ̀kẹ́ àárín nìkan ni ẹ ó máa yí. Ẹ fi dán àwọn ẹ̀gà tó ń patótó lórí ọ̀pẹ wò: bí awò bá dára, ẹ ó rí ẹyinjú akọ wọn pupa yòò nínú orí dúdú. Lóru, ẹ má wo òṣùpá nígbà tó bá kún, àfi nígbà tó bá jẹ́ ìlàjì, tí òjìji fi ń yọ àwọn kòtò rẹ̀ síta. Àgùàlà, tí wọ́n ṣebí ajá òṣùpá ni, yóò mọ́lẹ̀ roro, bẹ́ẹ̀ ni awò tí ẹ gbé ti ògiri lè fi òṣùpá mẹ́rin Júpítà hàn yín, àwọn tí Galileo rí ní 1610. Ọ̀yẹ́ máa ń fi erukuru bo ojú ọ̀run, nítorí náà alẹ́ tí òjò dá ló dára jù.

Ẹ fẹ́ eruku kúrò kí ẹ tó nu dígí, kí ó má baà ha, kí ẹ sì tọ́jú awò náà sínú ike tí ọ̀rinrin kò lè wọ̀, pẹ̀lú àpò kékeré agbọ̀rinrin tí wọ́n ń fi sínú páálí bàtà.