Ẹ kọ vers= sí i kí ẹ tó máa tú wáyà

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń bójú tó kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì àti ilé ẹ̀kọ́ ní Adó, Ìkẹ́rẹ́ àti Ọ̀yẹ́, bí Linux bá kọ̀ tí kò so fódà NFS (fódà tí kọ̀ǹpútà kan ń pín fún àwọn yòókù lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) mọ́ra, tó ń kọ “Protocol not supported”, ẹ fi wáyà àti súwíìṣì sílẹ̀ o. Ẹ̀bi tí à ń dì ru súwíìṣì ti pọ̀ jù. Ẹ tẹ rpcinfo -p, kí ẹ fi àdírẹ́sì server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń pín fódà náà, tẹ̀lé e. Lórí ìlà tó parí sí nfs, nọ́ńbà kejì ni ẹ̀dà NFS tí server gbọ́. Bó bá jẹ́ 3 nìkan, ẹ fi vers= sọ ẹ̀dà tí ẹ fẹ́, kí ẹ so ó báyìí (ẹ fi àdírẹ́sì àti fódà tiyín rọ́pò èyí tó wà níbẹ̀):

mount -t nfs -o vers=3 192.168.1.10:/data /mnt/data

Linux tuntun sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 4.2, kó tó máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ti kọ vers=4.2 sínú /etc/fstab (fáìlì tí Linux ń kà láti so fódà nígbà tó bá ń tàn), kò ní sọ̀ kalẹ̀ mọ́, ibẹ̀ ni yóò kú sí. Ẹ tún un ṣe níbẹ̀ náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, bí iná bá lọ tó dé, wàhálà náà tún dé. Tó bá ti so, nfsstat -m á fi ẹ̀dà tí wọ́n ń lò hàn yín.

Ibi tó kù sí: ẹ̀dà 4 kò nílò ju port (ẹnu ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì) 2049 lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀dà 3 tún fẹ́ 111 àti port mountd, ètò tó ń dáhùn nígbà tí a bá fẹ́ so fódà. Bí firewall bá dí wọn, vers=3 nìkan ò lè gbà yín.