Tí mọ́nítọ̀ yín bá kọ̀ tí kò gba firmware tuntun, wáyà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò

Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí ọjà àdìrẹ Ìtòkú, níbí ní Abẹ́òkúta. Àwọn màmá aládìrẹ ló ń gbé iṣẹ́ wá: mo máa ń ya bátánì wọn sórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n lè rí bó ṣe máa rí kí wọ́n tó ná owó aṣọ. Ojú mọ́nítọ̀ ni gbogbo iṣẹ́ mi wà.

Èyí tí mo ń lò, tòkunbọ̀ ni, íǹṣì 27. Àwọ̀ rẹ̀ dáa gan-an. Àìsàn kan ṣoṣo ló ní: tó bá ti sùn, kì í jí. Mo lè lọ jẹun ọ̀sán kí n padà dé, ojú rẹ̀ á dúdú, iná kékeré abẹ́ rẹ̀ á máa ṣẹ́jú, kò sì sí bọ́tìnì tí mo lè tẹ̀ tó máa dáhùn. Àfi kí n fà á yọ lára iná, kí n tún un kì bọ̀ ọ́. Kọ̀ǹpútà ni mo kọ́kọ́ fura sí. Mo pààrọ̀ kébù, mo pa Windows rẹ́, mo tún un fi sí, pàbó ló já sí. Ìgbà tí mo wá ka ìwé ìrànlọ́wọ́ tí àwọn tó ṣe mọ́nítọ̀ náà gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo rí i pé wọ́n mọ̀ nípa àìsàn yìí, wọ́n sì ti ṣe firmware tuntun tó wò ó sàn.

Kí ọ̀rọ̀ yìí má bàa rú yín lójú: bọ́ọ̀dù kan wà nínú mọ́nítọ̀ tó ń gba àwòrán lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà, tó ń pín in fún ojú gíláàsì. Bọ́ọ̀dù yẹn ní ìtọ́ni tirẹ̀ nínú chip kékeré kan. Ìtọ́ni yẹn là ń pè ní firmware. Dráífà mọ́nítọ̀ tí ẹ ń fi sínú Windows kì í ṣe òun. Inú kọ̀ǹpútà ni dráífà ń gbé, kò fọwọ́ kan chip yẹn rárá.

Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi bá a jà, nítorí mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Mo dáńlóòdù ètò tó máa ṣe àtúnṣe náà, mo ṣí i, ó ní òun ò rí mọ́nítọ̀ kankan. Bẹ́ẹ̀, ojú mọ́nítọ̀ yẹn gan-an ni mo ti ń ka ohun tó sọ! Ohun tó fà á nìyí: wáyà tó ń gbé àwòrán, yálà HDMI tàbí DisplayPort, kọ́ ló ń gbé firmware lọ sínú ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀. Wáyà USB ló ń gbé e. Ẹ wo ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ yín. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ihò USB tí ẹ ń ki máòsì bọ̀, ẹ ó rí ọ̀kan tó dá yàtọ̀, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ní igun mẹ́rin dọ́gba, tí wọ́n gé igun òkè rẹ̀ méjèèjì díẹ̀. Òun ni ẹnu ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà wọlé. Tòkunbọ̀ kì í sábà bá wáyà rẹ̀ wá, tèmi ò bá a wá. Mo dúró níwájú rẹ̀ títí, ó ṣe mí bíi pé mo ti rí ihò yẹn rí, ni mo bá yíjú sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi. Wáyà kan náà ni! Mo yọ ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, mo fi í sínú ihò mọ́nítọ̀, ètò náà rí mọ́nítọ̀ lójú ẹsẹ̀. Kódà tí ihò ti mọ́nítọ̀ yín bá jẹ́ ti USB 3, tó ní òkè kékeré lórí, wáyà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé máa wọ̀ ọ́, á sì ṣiṣẹ́.

Tó bá jẹ́ USB-C ni mọ́nítọ̀ yín ń lò, ẹ má kàn mú wáyà tí ẹ fi ń ṣáájì fóònù. Púpọ̀ nínú wọn, iná nìkan ni wọ́n ń gbé dáadáa. Ẹ yọ hub, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sọ ihò USB kan di púpọ̀, àti gbogbo alárinà kúrò, kí kọ̀ǹpútà àti mọ́nítọ̀ kojú ara wọn. Kí ẹ sì wọ mẹ́nù mọ́nítọ̀ náà, kí ẹ rí i pé DDC/CI, ìyẹn ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà fi àṣẹ ránṣẹ́ sí mọ́nítọ̀, wà ní títàn, nítorí àwọn ètò àtúnṣe kan máa ń lò ó.

Àwọn mọ́nítọ̀ mìíràn wà tí wọn kì í fẹ́ kọ̀ǹpútà rárá. Fláàṣì ni wọ́n fẹ́. Ẹ máa ki fláàṣì bọ ihò tí ìwé wọn bá sọ, ẹ wọ mẹ́nù, ẹ yan àtúnṣe. Tó bá ní òun ò rí fáìlì, fáìlì tàbí fláàṣì lẹ máa wò. FAT32, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣètò inú fláàṣì, ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbọ́, fláàṣì tó bá ju 32 GB lọ kì í sì í sábà jẹ́ FAT32, nítorí náà, ẹ wá kékeré kan. Ẹ tú fáìlì náà jáde nínú zip, kí ẹ gbé e sí ojú fláàṣì gan-an, kó má wà nínú fódà kankan. Ẹ má yí orúkọ rẹ̀ padà. Ẹni tó bá sì ti dáńlóòdù lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì já, kó tún orúkọ náà wò dáadáa: kọ̀ǹpútà máa ń fi nọ́ńbà 1 sínú àkámọ́ sẹ́yìn fáìlì kejì, mọ́nítọ̀ ò sì ní dá a mọ̀ mọ́. Àmì kékeré yẹn ló dá oníbàárà mi kan láti Ọbáńtokò dúró ní odindi ọjọ́ kan. A pa á rẹ́, ó sì tán.

Nọ́ńbà tó ń sọ irú mọ́nítọ̀ tí tiyín jẹ́ (model), ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ ti kọ ọ́, lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ kọ gbogbo lẹ́tà tó wà nídìí rẹ̀ pátá. Lẹ́tà kan ṣoṣo lè ya mọ́nítọ̀ méjì tó jọra sọ́tọ̀, firmware ọ̀kan kì í sì í ṣe ti èkejì.

Ọ̀rọ̀ iná ló kù, òun ló sì ká mi lára jù. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Pánṣẹ́kẹ́ bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọ̀sán, iná wà, kò ronú kan ibì kankan. Iná lọ láàárín méjì. Mọ́nítọ̀ náà kò tàn mọ́ di òní. Tí iná bá lọ nígbà tí chip náà ń kọ ìtọ́ni tuntun, ó lè jẹ́ pé ti àtijọ́ ti pa rẹ́, ti tuntun ò sì tíì pé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé iná ìlú, ẹ má sì sọ pé ẹ ó sáré tan jẹnẹrétọ̀, ìṣẹ́jú àáyá kan ti tó láti bà á jẹ́. Ínfátà tàbí UPS tí bátìrì rẹ̀ ṣì lágbára ni kí ẹ lò, kí ẹ sì fi láàpútọ̀ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ kún ṣe é dípò kọ̀ǹpútà ńlá. Nígbà náà, mọ́nítọ̀ nìkan ni UPS máa gbé. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ yọ UPS lára ògiri fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ wò ó bóyá mọ́nítọ̀ á ṣì máa tàn. UPS kékeré inú ṣọ́ọ̀bù mi kò yege nígbà àkọ́kọ́. Mo ra bátìrì tuntun sí i kí n tó tẹ̀ síwájú. Ẹ pa oorun kọ̀ǹpútà náà pẹ̀lú, kó má lọ sùn lẹ́nu iṣẹ́.

Lọ́jọ́ tí mo ṣe tèmi, màmá kan tó wá wo bátánì rẹ̀ jókòó tì mí. Nígbà tó yá, ojú mọ́nítọ̀ ṣókùnkùn pátápátá.

"Ọmọ mi, ṣé kò ti kú báyìí?"

"Kò tíì kú, mà. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

"Ó dáa, fi í sílẹ̀. Aṣọ tó ṣì wà nínú aró, a kì í béèrè àwọ̀ rẹ̀."

Ọwọ́ mi fẹ́ lọ síbi bọ́tìnì, mo kó o sábẹ́ ẹsẹ̀. Ìṣẹ́jú bíi mẹ́jọ ni, iná kékeré abẹ́ rẹ̀ ń ṣẹ́jú títí, kó tó tún tàn fúnra rẹ̀. Kí ẹ̀yin náà má fọwọ́ kan nǹkan kan títí ìwé ilé iṣẹ́ yín bá fi sọ pé ó ti parí.

Tó bá dúró sójú kan tó sì kọjá àkókò tí wọ́n sọ dáadáa, ẹ yọ ọ́ lára iná, ẹ tẹ bọ́tìnì agbára rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 15, ẹ jẹ́ kó sinmi, kí ẹ tún un gbìyànjú. Tí kò bá tàn rárá, ẹ má tú u fúnra yín. Iná ṣì ń bẹ nínú àwọn kàpásítọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́. Ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kọ firmware sínú chip tààrà, bíi CH341A, kí ẹ sì bi í bóyá ó ti ṣe mọ́nítọ̀ rí kí ẹ tó sanwó.

Tó bá ti tàn, ẹ wọ mẹ́nù kí ẹ rí i pé nọ́ńbà firmware náà ti yí padà, lẹ́yìn náà kí ẹ dá gbogbo ètò rẹ̀ padà sí bó ṣe wà láti ilé iṣẹ́. Ìyẹn máa pa ètò àwọ̀ yín rẹ́, nítorí náà, ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú. Ìmọ́lẹ̀ tèmi bẹ́ sókè dé 100, bátánì màmá náà sì dà bí aṣọ tí wọ́n ti sá sóòrùn fún ọdún kan. Mo fà á padà sí 35. Màmá sún mọ́ ọn, ó ní aró òun nìyẹn.