Bí ẹ ṣe lè dúró de ilé tí ẹ fẹ́ rà, kí inú ilé tí ẹ wà má baà dàrú

Oṣù kẹrìnlá rèé tí èmi àti ọkọ mi ti ń dúró de fúláàtì kan ní Abẹ́sàn, lọ́nà Ìpájà. Yàrá méjì àti pálọ̀ ni, òkè pátápátá ló wà, ọ̀kan lára àwọn ilé tí ìjọba Jákàńdè kọ́ nígbà tó jẹ́ gómìnà Èkó láàárín 1979 sí 1983. Bàbá tó ni ín ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rin fẹ́ tà á, a sì ti fẹnu kò lórí iye. Síbẹ̀, yàrá kan àti pálọ̀ tí a háyà ní Bàrígà la ṣì wà, èmi, Bàbá Tómi, Tómi àti àbúrò rẹ̀. Mò ń kọ èyí fún tọkọtaya tó bá wà nípò kan náà, nítorí ìdúró yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nílé wa ju owó ilé fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ ń dúró dè gan-an. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, tí èèyàn bá bi mí, màá ní, "À ń dúró de àwọn onílé." Kí ni wọ́n ń ṣe? N kò mọ̀. Lọ́yà wa ló jókòó tì wá tó là á yé wa. Bí ẹnì kan bá kú tí kò ṣe ìwé ìhágún, àwọn ọmọ rẹ̀ ò lè dédé ta ilé tí ìwé rẹ̀ wà lórúkọ òkú. Ilé ẹjọ́ gíga ni yóò fún wọn níwèé àṣẹ lórí ogún náà, wọ́n á kọ́kọ́ kéde rẹ̀ kí ẹni tó bá ní àtakò lè jáde, wọ́n á sì mú onídùúró wá. Tí ìyẹn bá jáde, ìwé tí wọ́n fi máa sọ ilé di tiwa á tún lọ gba àṣẹ gómìnà, nítorí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978. Ibi ìwé ilé ẹjọ́ la wà báyìí. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọkàn mi ti rọlẹ̀ díẹ̀. Tí mo bá pe àkọ́bí wọn, mo mọ ohun tí mo fẹ́ bi í.

Ẹ má sì san owó ilé kí ìwé yẹn tó jáde, bó ti wù kí wọ́n bẹ̀ yín tó. Wọ́n ní ká mú ìdajì wá. A kọ̀. Owó tí wọ́n máa fi lé ìwé náà kiri la fún wọn, lọ́yà sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé a ó yọ ọ́ kúrò nínú owó ilé. Ojú wa ti rí nǹkan rí. Ṣáájú ilé yìí, ejẹ́ǹtì kan gba owó fọ́ọ̀mù àti owó àyẹ̀wò lọ́wọ́ wa lórí ilé kan ní Ìkòròdú, 85,000 náírà lápapọ̀. Nígbà tí a débẹ̀, wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri pé ilé náà kì í ṣe títà. A ò rí owó yẹn gbà títí dòní. Ti Abẹ́sàn yìí, ọ́fíìsì ilẹ̀ ní Aláùsá ni lọ́yà ti lọ yẹ ìwé rẹ̀ wò kí a tó dárúkọ iye kankan.

Èyí tó ràn wá lọ́wọ́ jù ni alẹ́ Sọ́ńdè. Tí àwọn ọmọ bá ti sùn, a máa ń mú ìwé kan jáde, irú èyí tí àwọn ọmọ ń mú lọ síléèwé. Kálukú á sọ ohun mẹ́ta: ohun tó gbọ́ nípa ilé, owó tó wọlé àti èyí tó jáde, àti ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. A ó kọ ọ́, a ó fi déètì sí i. Tí a ò bá gbọ́ nǹkan kan, a ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: "A ò gbọ́ nǹkan kan." Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni irú ìlà yẹn tò léra wọn nínú ìwé wa. Ẹ má fò ó. Òun ló jẹ́ ká mọ̀ pé ìdákẹ́ àwọn onílé ti pẹ́ jù, la fi gbéra lọ bá wọn.

Tí Sọ́ńdè bá ti kọjá, kí ẹnikẹ́ni má bi ẹnì kejì pé, "Ṣé wọ́n ti pè?" Ìgbà kan wà tí mo máa ń pe ọkọ mi lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ níbi iṣẹ́ ìtẹ̀wé rẹ̀ ní Ṣómólú, tí ariwo ẹ̀rọ ò jẹ́ kó gbọ́ mi, tó ń pariwo "Ha-lóò!" tí èmi náà ń bínú. Ìbéèrè yẹn ti sú òun, ó sì ti sú èmi náà.

Ìwé náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí èèyàn ti lè sọ òótọ́. Ní Sọ́ńdè kan, Bàbá Tómi gba bíírò, ó kọ nǹkan, ó rọra ti ìwé náà sí mi láìsọ̀rọ̀. Mo gbé e sún mọ́ iná. Ó kọ ọ́ pé òun ti mú 180,000 náírà nínú owó ilé fún àbúrò òun, tí ìyàwó rẹ̀ bímọ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Inú bí mi, n kò purọ́. Ṣùgbọ́n èmi náà ti ra ẹ̀rọ ìránṣọ àlòkù kan ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, tí n kò tíì wí. Mo gba bíírò, mo kọ tèmi sábẹ́ tirẹ̀. Àdéhùn wa láti ọjọ́ náà ni pé ohunkóhun tó bá ju 20,000 náírà lọ, a gbọ́dọ̀ jọ sọ ọ́ kí owó tó kúrò nílẹ̀.

Lórí owó, alájọ ń gba 2,000 náírà lọ́wọ́ mi lójoojúmọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Owó ọjọ́ kan lóṣù ni tirẹ̀, láti ìgbà àdéhùn yẹn, ìyókù ń lọ sínú àkáǹtì tó jẹ́ pé àwa méjèèjì ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí owó tó lè jáde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba owó oṣù, ẹ béèrè nípa owó ìfowópamọ́ ilé gbígbé ti ìjọba àpapọ̀: wọ́n ń yọ 2.5 nínú 100, tó bá sì ti pé oṣù mẹ́fà, èèyàn lè kọ̀wé béèrè láti yá owó ilé. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ ni o.

Ilé tí ẹ wà náà nílò àmójútó. Owó tí a fi háyà ilé Bàrígà tán láàárín ìdúró yìí, bàbá onílé wa sì ní ká san ọdún méjì. Òfin ayálégbé ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 sọ pé ẹni tó ń san ọdọọdún kò ní san ju ọdún kan lọ lẹ́ẹ̀kan. A mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n a ò gbé òfin lọ bá wọn. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀, mo kúnlẹ̀, wọ́n gba ti ọdún kan.

Ẹ lọ wo ilé náà nígbà òjò. Mo ń ránṣọ, tépù kì í kúrò lọ́rùn mi. Lóṣù keje, lẹ́yìn òjò ńlá kan, mo rí àbàwọ́n kan lára àjà yàrá ẹ̀yìn, ó rí bí ibi tí wọ́n da tíì sí, etí rẹ̀ dúdú ju àárín lọ. Mo dúró lórí àga, mo wọn ín láti igun ògiri dé etí àbàwọ́n náà: ínǹṣì 34. Mo kọ ọ́ sínú ìwé wa. Lóṣù kẹwàá mo padà lọ wọn ín, ó ti di 41. Omi ń rìn lábẹ́ òrùlé nìyẹn. Àwọn ọmọ onílé ní àbàwọ́n àtijọ́ ni. Mo fi ìwé hàn wọ́n, pẹ̀lú déètì méjèèjì, wọ́n sì dín owó.

Ẹ gbìyànjú ọ̀nà ibẹ̀ náà wò lọ́jọ́ iṣẹ́, kó má jẹ́ ọjọ́ Sátidé tí títì ṣófo. A sùn lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìpájà ní alẹ́ Sọ́ńdè. Aago mẹ́rin ààbọ̀ la jí. A wọ bọ́ọ̀sì BRT ní Ìyànà Ìpájà dé Ọ̀ṣòdì, a tún wọ dánfó lọ sí Ṣómólú. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo ṣí ṣọ́ọ̀bù. Wákàtí méjì ààbọ̀ la fi padà nírọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ mi wú. Ìdí nìyẹn tí a fi pinnu pé tí a bá kó lọ, màá ṣe aṣọ Kérésì tán ní Ṣómólú, lẹ́yìn náà ni màá wá ṣọ́ọ̀bù sí Ìpájà. Mo ti ń sọ fún àwọn oníbàárà mi díẹ̀díẹ̀.

Ẹ má tíì ra ohun ńlá fún ilé tuntun, kò sí ibi tí ẹ máa kó o sí. Aṣọ fèrèsé nìkan ni mo rà. Ọ̀sán ọjọ́ tí mo wọn àbàwọ́n yẹn ni mo wọn fèrèsé náà. Mo ti gé aṣọ ọ̀hún, mo ti rán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó wà nínú báàgì lórí kọ́bọ́ọ̀dù. N kò tíì ṣẹ́ etí ìsàlẹ̀ rẹ̀, nítorí irin tí bàbá wọn fi ń há aṣọ fèrèsé tẹ́lẹ̀ ti dógùn-ún. A ó pààrọ̀ rẹ̀, n kò sì mọ bí tuntun náà ṣe máa ga tó.