Bẹ́ ẹ ṣe lè ṣírò owó tó máa kù sọ́wọ́ yín tẹ́ ẹ bá ń ṣeré ní Broadway

Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe tíátà ní Broadway, ìyẹn àwọn gbọ̀ngàn tíátà ńláńlá tó wà ní New York, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn rí owó inú kọ́ńtráàtì kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í náwó. Ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń sanwó níbẹ̀, eré mẹ́jọ ni wọ́n sábà máa ń ṣe lọ́sẹ̀, torí náà ẹ kọ́kọ́ pín in sọ́nà 8 kẹ́ ẹ mọ iye tí eré kan jẹ́. Actors' Equity, ẹgbẹ́ òṣèré tó ti wà láti 1913, ló ń bá àwọn tó ń gbé eré jáde dúnàá-dúrà owó tó kéré jù tí wọ́n lè san fún òṣèré, owó náà sì ti lé ní $2,000 lọ́sẹ̀. Ẹ wá yọ owó ejẹ́ǹtì, ìyẹn ẹni tó ń bá yín wáṣẹ́, tó lè tó ìdá 10 nínú 100, owó ẹgbẹ́, owó orí, kẹ́ ẹ tó kan rẹ́ǹtì New York tó wọ́n gan-an! Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ tún kọ́ ipa ẹlòmíì mọ́ tiyín, àfikún wà fún un, ẹ bèèrè ẹ̀.

Èyí tó ká mi lára jù ni pé eré lè parí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ má fi 52, ìyẹn iye ọ̀sẹ̀ tó wà nínú ọdún, sọ owó ọ̀sẹ̀ kan di púpọ̀ rárá, iye ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ ṣiṣẹ́ ní tòótọ́ ni kẹ́ ẹ lò.